Ìwé pẹlẹbẹ nípa dólífìnì àti ṣáàkì fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta: kí ni kí n fi ṣáájú?

Ìyá Àdìó (Ìbàdàn)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Tíṣà ni mí, kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Ilé ìwé wa ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lédè Yorùbá tí àwọn ọmọ á máa kà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Ẹnì kan mú èso, ẹnì kan mú ẹyẹ, ẹnì kan sáré mú ẹran ọ̀sìn torí pé bàbá rẹ̀ ń sin ewúrẹ́. Èmi ni mo mú òkun. Kí ni mo mọ̀ nípa òkun? Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí o! Àwọn ọmọ ló fà á. Ẹnì kan nínú wọn mú ìwé òyìnbó kan wá sí kíláàsì, dólífìnì àti ṣáàkì ló kún inú rẹ̀, láti ọjọ́ náà wọn ò jẹ́ kí n gbádùn.

Wàhálà mi nìyí. Mo sọ fún wọn pé dólífìnì kì í ṣe ẹja. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn dìde, ó ní, "Àǹtí, inú omi ló ń gbé, ó nírù, ó ní lẹbẹ. Kí ló wá kù tí kò fi jẹ́ ẹja?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó máa ń fọ́mọ lọ́mú. Ó ní, "Ta ló rí i?" Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ní ti ṣáàkì, gbogbo àwòrán tí wọ́n yà fún mi, ẹ̀jẹ̀ ni. Bírò pupa tán nínú kíláàsì. Ìyá ọmọ kan tún wá ká mi mọ́ géètì pé kí ló dé tí mo ń kọ́ ọmọ òun ní ẹranko òyìnbó nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ ọ̀yà yàtọ̀ sí òkété.

Ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pé kì í ṣe ẹja yìí tí á fi yé ọmọ ọdún mẹ́jọ? Ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí tiẹ̀ wà nínú òkun tiwa, àbí ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n wà? Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ojú ewé kò sì pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ńláńlá pa mí.

Ọmọ Ìlàjẹ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bá ìyá ọmọ yẹn jà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé ẹranko òyìnbó kọ́. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, lápá Ayétòrò níbẹ̀ yẹn. Apẹja ni bàbá mi, ìyá mi ń yan ẹja. Bíọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lọ́nà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa ìwé ọmọdé lórí òkun ni pé dólífìnì kan náà ni gbogbo wọn ń yà: èyí tó ń la ẹnu bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, tó ń fò nínú adágún omi kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, tí ẹnì kan ń ju ẹja sí i lẹ́nu. Ọmọ wa á ka ìwé náà tán, á rò pé ẹran ọgbà ìṣeré ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dólífìnì kan wà tí kò sí níbikíbi láyé àfi ní etíkun Áfíríkà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà títí dé Àǹgólà. Wọ́n ti rí i ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní Tógò, ní Bẹ̀nẹ̀, ní Nàìjíríà, ní Kamẹrúùnù. Iké wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀, lẹbẹ kékeré kan sì dúró lórí iké náà. Dólífìnì abuké ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ mi. Sousa teuszii ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Àwọ̀ eérú ló ní, ó máa ń gùn ju mítà méjì lọ. Kì í ṣe ará agbami. Ibi tí omi kò ti jìn, nítòsí ilẹ̀, lẹ́nu odò, létí ibi tí igi ẹ̀gbà wà, ibẹ̀ ló ti ń wá oúnjẹ rẹ̀. Kì í fẹ́ ariwo. Tó bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, á rì, ó di ọ̀ọ́kán kí ẹ tó tún rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òkun bá parọ́rọ́ ní ìdájí, a máa ń rí dólífìnì. Wọn kì í fò fún wa wò. Ẹ̀yìn kan á yọ, ẹ á gbọ́ èémí rẹ̀, "fùúù", á sì wọlé padà. Bàbá mi kì í da àwọ̀n síbi tí wọ́n bá wà. Kì í ṣe pé àánú ń ṣe é o, owó àwọ̀n ló ń rò.

Ìtàn kan wà nípa abuké yìí tí àwọn ọmọ yín á fi rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1892, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì kan, Willy Kükenthal, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Agbárí kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Kamẹrúùnù ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ewé àti koríko ni wọ́n bá nínú ikùn ẹran náà. Ọ̀mọ̀wé bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé dólífìnì yìí ń jẹ koríko! Ó jọ pé ohun inú ikùn ẹran omi mìíràn, èyí tó ń jẹ koríko lóòótọ́, ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọn. Ẹja ni abuké ń jẹ. Ẹ fi í sínú ìwé yín, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kọ̀wé pàápàá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lódì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ olóyè tó jókòó sẹ́yìn yẹn. Ẹ ra ẹja Titus kan, kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́, ẹ gbé e lọ sí kíláàsì. Ẹ ṣí ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ kí wọ́n yọjú wò ó: wọ́n á rí nǹkan pupa tó tò ní ìpele-ìpele. Ibẹ̀ ni ẹja fi ń mí. Omi á gba ẹnu wọlé, á gba ibẹ̀ jáde, ẹja á ti yọ afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lò kúrò nínú rẹ̀. Dólífìnì kò ní irú rẹ̀ rárá. Ẹ̀dọ̀fóró ló ní, bíi tiwa. Ihò imú rẹ̀ wà lókè orí, ẹyọ kan, ó sì máa ń pa á dé kó tó rì. Bí kò bá gòkè wá mí, á kú sínú omi tó ti ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ohun tó ń pa abuké jù lọ nìyẹn: àwọ̀n á dè é mọ́ ìsàlẹ̀, kò ní lè gòkè wá mí.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ìrù Titus yẹn. Ó dúró lóòró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń jù ú. Ìrù dólífìnì tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń jù ú. Ọ̀nì àti ejò náà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé ara. Ṣùgbọ́n ẹ wo ajá tó bá ń sáré dáadáa: ẹ̀yìn rẹ̀ á ká, á nà, á ká, á nà, òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ajá ṣe ń lo ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ ni dólífìnì ń lo tirẹ̀ nínú omi, torí pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ rí. Ẹ pe ọ̀gbẹ́ni náà síwájú kó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kó kọ́kọ́ ṣe bí ẹja, kó wá ṣe bí dólífìnì. Kò ní jiyàn mọ́.

Ẹ sọ fún un pé àwọn èèyàn ti rí i tó ń fọ́mọ lọ́mú. Dólífìnì tó ń fò nínú ìwé òyìnbó yẹn, oyún rẹ̀ máa ń tó oṣù méjìlá, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Ìrù ọmọ náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọmọ á lọ sókè lọ mí èémí àkọ́kọ́, ìyá á tì í lẹ́yìn tó bá nílò rẹ̀. Ọmú ìyá wà nínú ihò kékeré méjì lábẹ́ ikùn, ọmọ á ká ahọ́n rẹ̀ mọ́ ọn kí omi iyọ̀ má bàa dà pọ̀ mọ́ wàrà. Àwọn ọmọ tuntun tiẹ̀ máa ń ní irun díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì bóyá ẹnì kankan ti rí irun lára Titus rí.

Ní ti ṣáàkì, ẹja ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja tí kò ní eegun líle. Eegun rírọ̀ tó wà nínú etí wa àti ṣóńṣó imú wa ni gbogbo egungun ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ọbẹ̀, òun ni eegun bísíkíìtì tí wọ́n máa ń jà sí. Kí kálukú di etí ara rẹ̀ mú, kó tẹ̀ ẹ́. Ó parí. Ìpẹ́ rẹ̀ náà yàtọ̀. Nígbà tí àwọn ṣáàkì kéékèèké bá wọ àwọ̀n, ìyá mi máa ń ní kí n fi ọwọ́ pa á láti orí lọ sí ìrù: ara rẹ̀ á máa dán. Kí n wá fi ọwọ́ pa á láti ìrù bọ̀ sí orí: á họ mí lọ́wọ́. Eyín tíntìntín ni ìpẹ́ yẹn, gbogbo ẹnu wọn kọjú sí ọ̀nà ìrù. Àwọn káfíńtà ayé àtijọ́ nílẹ̀ òkèèrè máa ń fi awọ rẹ̀ dán igi kí sáńdìpépà tó dé.

Ẹ má jẹ́ kí bírò pupa parí ọ̀rọ̀ náà. Irú ṣáàkì tó wà láyé lé ní 500. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó lè gùn tó mítà 18, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ń léfòó àti ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ ló ń sẹ́ jẹ. Ó máa ń wá sí òkun tiwa, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ wo lẹ fẹ́ yà sí i lẹ́nu?

Mọ́mì Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ ti la ọ̀nà, egungun kan ni mo fẹ́ fi kún un.

Tí ẹ bá wọ Natural History Museum ní South Kensington, ẹ gbójú sókè ní gbọ̀ngàn ńlá tí ẹ máa kọ́kọ́ bá. Egungun àbùùbùtán ni wọ́n so rọ̀ síbẹ̀, Hope ni wọ́n sọ ọ́. Etíkun Wexford ní Ireland ló ti há sí iyanrìn lọ́dún 1891, ọdún 2017 ni wọ́n gbé e sí àyè tó wà báyìí. Irú tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ẹranko ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 25.2, egungun 221 ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò bí èyí tó ń lọ gbé oúnjẹ mì. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ìdí nìyí tí mo fi ń kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ tí òjò bá dí wa mọ́lé nígbà họ́lídè (owó sinimá ìlú yìí, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́).

Àbígbẹ̀yìn mi fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ojú ń tì mí. Ló bá pariwo, "Mọ́mì, ó ní ọwọ́!" Mo wò ó, lóòótọ́ ni. Nínú lẹbẹ iwájú yẹn, egungun apá wà níbẹ̀, ti ọrùn ọwọ́ wà níbẹ̀, ìka wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dólífìnì rí, ìka rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ márùn-ún, awọ ló bò ó mọ́lẹ̀ tó fi dà bíi ti ẹja lójú. Egungun ìbàdí tó ṣẹ́kù láti ìgbà ẹsẹ̀ náà ṣì wà nínú ẹran wọn, kékeré báyìí, kò so mọ́ eegun ẹ̀yìn mọ́.

Ẹ ya lẹbẹ yẹn sí ojú ewé kan pẹ̀lú egungun inú rẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọmọ fi bírò tọ ìlà ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo bá àwọn tèmi ṣe nílé nìyẹn, ó sàn ju àlàyé mi lọ.

Wọ́n á bi yín nípa Jónà o. Ẹ ti múra sílẹ̀? Bíbélì ní ẹja ńlá, ẹ jẹ́ kí tíṣà Sunday school gba ìyẹn rò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀fun Hope kéré ju kó gbé èèyàn mì.

Bàbá Mojí

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Àlàyé yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ṣáàkì di ọmọ ìyá wa. Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó kàwé. Tí ẹ bá yọ eyín kúrò, kò ní ṣí ojú ewé kejì.

Eyín yẹn fúnra rẹ̀ dùn-ún kà, tí ẹ bá sọ ọ́ dáadáa. Kò fi gbòǹgbò so mọ́ eegun àgbọ̀n bíi tiwa. Ó tò sẹ́yìn ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kan bá ká, ti ẹ̀yìn á sún síwájú. Ọ̀pọ̀ ṣáàkì á ká ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín kó tó kú. Ọmọ kíláàsì kẹta tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ẹ rò pé kò ní fẹ́ gbọ́ èyí? Mojí ní ìjọsí pé ṣé tí òun bá ju eyín tòun sórí òrùlé, ṣé ṣáàkì náà máa ń wá òrùlé.

Ẹ tún fi ti arúgbó yẹn sí i. Ṣáàkì kan wà nínú omi tútù ní ìhà Greenland, ó lọ́ra, ó sì máa ń pẹ́ láyé ju ẹranko eléegun ẹ̀yìn èyíkéyìí lọ. Àwọn tó yẹ ojú rẹ̀ wò, tí iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2016, ní èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tí wọ́n wò ti lò tó ọdún 272 ó kéré tán. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ Ìbàdàn yín pé ṣáàkì yẹn ti ń wẹ̀ kiri kí àwọn jagunjagun tó pàgọ́ sí ìlú wọn lọ́dún 1829.

Òmíràn rèé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ẹ máa kọ ọ́: irú kan wà tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ máa ń jẹ ara wọn kí wọ́n tó bí wọn. Èyí tó bá kọ́kọ́ tóbi nínú ilé ọmọ á jẹ àwọn àbúrò.

Ìyá Àdìó (Ìbàdàn)

Ha! Bàbá Mojí, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́.

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ra Titus náà. Mo ṣe é lánàá kí n tó kọ èyí. Nígbà tí mo ṣí ìdérí orí rẹ̀, àwọn tó wà níwájú sá sẹ́yìn, àwọn ẹ̀yìn ń tì bọ̀ wá síwájú, àga méjì ṣubú. Ọmọkùnrin tèmi náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ṣe ẹja, ó ṣe dólífìnì. Ó dìde, ó ní òun gbà, ó kù kí n ṣàlàyé bó ṣe ń sùn tó bá jẹ́ pé dandan ni kó máa gòkè wá mí. Ẹ gbà mí o!

Àwọn ìbéèrè tó kù tí mo kọ sílẹ̀: Ṣé ṣáàkì náà máa ń sùn? Báwo ni dólífìnì ṣe ń ríran tí omi bá dọ̀tí? Báwo ni òkun ṣe jìn tó? Ọmọbìnrin kan sì ní ìyá àgbà òun sọ pé dólífìnì máa ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́, ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ìlàjẹ

Àǹtí, ọmọ yẹn á di dókítà lágbára Ọlọ́run.

Ìdajì ọpọlọ dólífìnì ló ń sùn, ìdajì kejì á wà lójúfò. Wọ́n á pààrọ̀ tó bá yá. Ojú kan máa ń là sílẹ̀ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rántí láti gòkè wá mí. Ṣáàkì ní tirẹ̀ kò nílò àtigòkè. Àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ máa lọ níwájú kí omi lè máa ṣàn gba ibi tí wọ́n fi ń mí. Àwọn mìíràn máa ń dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun lọ́sàn-án, wọ́n á máa fi ẹnu fa omi.

Nínú omi tó dọ̀tí, ìró ni dólífìnì fi ń wá ọ̀nà. Á ta ìró kan, tá-tá-tá-tá, yíyára gan-an, láti inú ihò imú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀rá tó wà níwájú orí rẹ̀ á kó ìró náà jọ sí ojú kan. Tí ìró bá kan ẹja, á padà wá, dólífìnì á sì gbà á sí ọ̀rá inú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kó tó dé etí. Ìró ń rìn tó mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi, nínú afẹ́fẹ́ nǹkan bíi 340 ni. Ẹ fi aṣọ di ọmọ kan lójú, kí àwọn yòókù máa pàtẹ́wọ́ láti igun yàrá, kó máa na ìka síbi tí ìró ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é níta o, kí ọ̀gá má bàa sọ pé èmi ni mo da ilé ìwé yín rú. Ṣáàkì ní àrà tirẹ̀: àwọn ihò tíntìntín wà ní imú rẹ̀ tó fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó wà lára ẹja mìíràn, kódà kí ẹja náà sá pamọ́ sábẹ́ iyanrìn. Ṣáàkì olórí òòlù, tó wà nínú òkun wa níbí, orí rẹ̀ tó fẹ̀ yẹn ló fi ń wá wọn kiri.

Ibi tó jìn jù nínú òkun, ní Pàsífíìkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 11. Tí wọ́n bá gbé Third Mainland Bridge ti Èkó dúró lóòró síbẹ̀, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Láti mítà 1,000 lọ sísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í débẹ̀ rárá. Ẹ má ju ojú ewé kan lọ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà gan-an ni kí ẹ fún láyè. Ní Mọritáníà, àwọn apẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní Imraguen. Láyé àwọn baba wọn, tí àwọn ẹja mullet bá ń kọjá lọ létí òkun, àwọn kan á wọ omi, wọ́n á máa fi igi lu ojú omi. Dólífìnì á gbọ́, wọ́n á wá, àwọn náà á máa lé ẹja bọ̀ láti agbami. Ẹja á wá há sí àárín àwọ̀n àti dólífìnì, kálukú á jẹ. Abuké wà lára àwọn tó máa ń wá nígbà náà. Ní ìlú Laguna ní Bùràsíìlì, irú rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́: apẹja á dúró sínú omi pẹ̀lú àwọ̀n, kò ní jù ú títí dólífìnì á fi ṣe àmì kan, bíi kó rì lójijì tàbí kó fi orí lu omi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rẹ́ yẹn pa ìyókù mọ́. Nígbà mìíràn ẹran dólífìnì ni àwọn apẹja ní Gánà fi ń ṣe ìjẹ fún ṣáàkì. Abuké tó kù lápapọ̀, ìṣirò àwọn tó ń ṣọ́ wọn ni pé kò tó 3,000, láti Sàhárà dé Àǹgólà. Lọ́dún 2017 ni wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà ní bèbè àtiparun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ ìyẹn láìsunkún. Àwa àgbà la máa ń rò pé wọn ò lè gbọ́ ọ.

Bàbá Mojí, mo gbà pẹ̀lú yín lórí eyín. Kí eyín dúró, ṣùgbọ́n kí ìṣirò dúró tì í. Lọ́dún kan, káàkiri ayé, èèyàn tí ṣáàkì bù jẹ láìjẹ́ pé ó tọ́ ọ máa ń wà láàárín 60 sí 70, àwọn tó ń kú nínú wọn kò sì sábà tó mẹ́wàá. Ṣáàkì tí àwa ń pa, àwọn onímọ̀ tó ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dún 2013 ní ó tó 100 mílíọ̀nù lọ́dún. Tí bírò pupa bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi kọ nọ́ńbà yẹn.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: ìjàpá òkun. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ dípò igbá, máa ń wá yé ẹyin sórí iyanrìn lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Oúnjẹ rẹ̀ ni ẹran òkun kan tó rọ̀, tó mọ́ gaara, tó ń léfòó bí omi ṣe ń gbé e. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n jù sí gọ́tà n'Íbàdàn lè bá odò lọ títí dé ọ̀sà, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí òkun. Lójú ìjàpá yẹn, oúnjẹ ni. Ẹ bu omi sínú báàfù, ẹ ju ọ̀rá kan sí i, ẹ fi ọwọ́ rú u díẹ̀, kí wọ́n wò ó.

Ìyá Àdìó (Ìbàdàn)

Báàfù wà nílé, ọ̀rá sì pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn kíláàsì wa, ẹ má ṣèyọnu.

Mo ti tò ó báyìí: abuké ló ṣáájú, Titus àti ìrù tẹ̀ lé e, lẹbẹ tó ní ìka àti àyè fún ọwọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà ṣáàkì pẹ̀lú eegun bísíkíìtì àti eyín, kó tó kan ìjàpá. Àwọn Imraguen gba ojú ewé méjì torí mo fẹ́ ya àwọ̀n náà dáadáa. Mo fi ọ̀mọ̀wé tó ní dólífìnì ń jẹ koríko sí ẹ̀yìn ìwé. Ìyá tó ká mi mọ́ géètì tún wá lónìí, ó ní ọmọ òun kò jẹ́ kí òun da Titus sínú ọbẹ̀ títí òun fi ṣí ìdérí orí rẹ̀ fún un wò.

Ti àwọn tó ń jẹ àbúrò wọn nínú ilé ọmọ, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má ya á.

Bàbá Mojí

Mojí ti ní òun á bá yín ya á.